Ìsun Omi Òkú Tí Kò Tíì Kú

Ẹjọ́ kan wọlé tọ baálẹ̀ wa wá ní ìgbà tí tàtàṣé pọ́n, omi ló sì gbé e wá. Ẹni tó bá mọ Sipeyna, abúlé wa, mọ̀ pé ní àsìkò yẹn èéfín ata sísun ló ń jí wa, òun náà ló ń rọ̀ wá sùn. Gbogbo obìnrin ló ń sun ata, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n ń sè é mọ́ tòmátì, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò de ìgbà òtútù. Obìnrin tó bá fi ata rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn nítorí ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà ti wọ egungun. Síbẹ̀, nígbà tí mo dé abẹ́ àjàrà tó wà níwájú ilé baálẹ̀, kò sí àyè ìjókòó. Ìdajì wọn ti gbé abọ́ ata dání wá, wọ́n ń bó o lórí itan.

Baálẹ̀ Tsoncho jókòó sí ààrin. Ìyá Dimana, tó ń ta búrẹ́dì, jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, torí òun ni àgbà ìgbìmọ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù wà ní ọwọ́ òsì. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa mi orí.

Ẹni tó pe ẹjọ́ ni Krasen, ọ̀gá tó kọ́ àwọn ilé ńláńlá sórí òkè wa, tó fi ògiri yí wọn ká, tó sì gbé géètì sí i. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Ìyá Stoyna, tí ilé rẹ̀ wà ní etí ọ̀nà tó gun òkè ọ̀hún.

"Krasen, ọmọ mi, sọ tẹnu rẹ," ni baálẹ̀ wí.

"Baálẹ̀, Màmá yìí ń jí omi mi."

"Omi wo?"

"Omi inú páìpù tó ń lọ sí ẹ́sítéètì mi. Wọ́n lu páìpù níwájú ilé wọn, wọ́n fi òkúta mọ ìsun lé e lórí, wọ́n gbé ọpọ́n ẹran sí i nísàlẹ̀. Ó ń ṣàn tọ̀sántòru. Gbogbo abúlé ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń mu níbẹ̀. Awakọ̀ tí mi ò mọ̀ rí á dúró, á bu tirẹ̀. Kí omi náà tó dé ọ̀dọ̀ mi lókè, ó ti di itọ́."

"Itọ́ ò burú fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ," ni Ìyá Stoyna fèsì láti ibi tó jókòó.

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, Ìyá."

"Mi ò dí i lọ́wọ́. Ata ni mò ń bó."

Krasen nu ojú rẹ̀. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan láti Sofia, olú ìlú, wà nínú báàfù. Ó ti fi ọṣẹ para láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Omi dá. Baálẹ̀, ọkùnrin yẹn jókòó síbẹ̀ títí ọṣẹ fi gbẹ mọ́ ọn lára. Ó ní awọ ara òun ń fún òun. Ó ró tówẹ́ẹ̀lì, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, níwájú àwọn tó fẹ́ ra ilé."

"A rí i," ni Ìyá Dimana wí. "Ó sọ̀ kalẹ̀ wá ṣan ara rẹ̀ ní ìsun. Ọmọlúàbí ni. Ó dúpẹ́ púpọ̀."

"Adágún ìwẹ̀ mi ńkọ́? Ó yẹ kó mu èèyàn dé ọrùn. Orúnkún ló mọ báyìí. Ọ̀pọ̀lọ́ ti kó ìdílé wọn wọ ibẹ̀. Baálẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹ dí ìsun yẹn pa lónìí olónìí, kí Màmá sì san gbogbo omi tó ti lọ."

Nígbà tó ní kí wọ́n dí i pa, gbogbo ọwọ́ tó ń bó ata dúró. Omi tó ń wá sínú ilé tiwa, bó bá wá lónìí, yóò sinmi fún ọjọ́ méjì. Páìpù rẹ̀ dàgbà ju èmi lọ, ẹnu rẹ̀ sì ti jò tán. Kí ìsun Stoyna tó dé, igi èjìká la fi ń gbé korobá láti odò, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ sì ti lọ sílẹ̀ òkèèrè, kò sí ẹni tó ń gbé e tí eyín rẹ̀ pé mọ́.

"Ìyá Stoyna, ẹ gbọ́ ẹ̀sùn. Ṣé òótọ́ ni?"

"Irọ́ ni, Baálẹ̀. Mi ò jí omi ẹnikẹ́ni. Ìsun ni mo kọ́, fún ọkàn ọkọ mi Gencho, tó ti lọ, mo sì lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ òkúta rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kì í dí ìsun òkú. Ẹni tó bá mu níbẹ̀ á ní 'Ọlọ́run forí jì í.' Bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́ ni ẹrù òkú á máa fúyẹ́. Tí ẹ bá dí i, òkú lẹ dí lẹ́nu."

Ìgbìmọ̀ mi orí. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún le. Ìsun òkú kì í ṣe nǹkan eré lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin kan dí ọ̀kan ní abúlé kejì nígbà èwe mi kó lè fi ibẹ̀ gbin tábà, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ó fi kú, kò sì rí ìsun tirẹ̀ gbà.

Krasen dìde. "Baálẹ̀, ẹ bojú wẹ̀yìn. Bàbá Gencho ló jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn yẹn. Wọ́n ń jẹ èso àjàrà."

Gbogbo wa yíjú. Òótọ́ ni, Gencho wà níbẹ̀. Ó gbé fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o," ni ó wí.

"Ìyá Stoyna, ọkọ yín rèé."

"Mo rí i."

"Ẹ ní ó ti lọ."

"Ó ń lọ, Baálẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń lọ. Bí òtútù bá ti dé, á pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á ní, 'Stoyna, ó tán.' Á sọ ẹni tí n ó fún ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Á sọ àwọn tí n ò gbọ́dọ̀ pè síbi òkú rẹ̀. Nígbà tí igi bá wá ń rúwé, á dìde, á béèrè ẹyin díndín. Ṣé kí n máa dúró dè é ni? Mo kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Èwo ló burú nínú kí èèyàn tètè ṣe nǹkan?"

"Òkú tó ń jẹ èso àjàrà," ni Krasen wí.

"Ìwọ gbẹ́nu dákẹ́, mi ò bá ọ sọ̀rọ̀. Baálẹ̀, ẹ bá mi bi gbogbo wọn níbí, ta ni kò ní òkúta? Ní itẹ́ òkú wa, èmi àti Gencho ti ní òkúta, fọ́tò àwa méjèèjì ti wà lára rẹ̀, a kọ ọdún tí a bí wa, a fi àyè ìyókù sílẹ̀. Dimana ní tirẹ̀. Ẹ̀yin pàápàá ní tiyín. Ta ló pè yín lẹ́jọ́ pé ẹ ò tíì wọlé?"

Baálẹ̀ wúkọ́. "Òótọ́ ni mo ní in. Àmọ́ fọ́tò tí wọ́n fi síbẹ̀ ò jọ mí."

"Ó jọ yín dáadáa," ni Ìyá Dimana wí. "Ẹ̀yin lẹ ò jọ ọ́ mọ́."

Wọ́n ní kí Gencho wá síwájú. Ó gbé àjàrà rẹ̀ dání bọ̀.

"Bàbá Gencho, ṣé ẹ gbà kí wọ́n kọ ọ́ sára òkúta ìsun pé ẹ ti kú?" ni baálẹ̀ béèrè.

"Ó kọ́kọ́ bi mí."

"Kí lẹ fèsì?"

"Ó ní, 'Gencho, mú ọ̀kan. Yálà kí o kú, tàbí kí o máa pọnmi lódò.' Mo wo korobá. Mo wo bí òkè ṣe ga. Mo ní kó kọ ọ́."

"Ikú ọ̀hún ńkọ́, báwo ló ṣe rí?"

"Kò burú. Wọ́n á wá mumi, wọ́n á ní 'Ọlọ́run forí jì í,' èmi á ti ojú fèrèsé dá wọn lóhùn pé 'Àmín.' Obìnrin kan láti abúlé kejì ju kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tó dáa ni, òun la ń lò báyìí. Ibì kan ṣoṣo tó dùn mí ni ilé ọtí. Wọn ò pín káàdì fún mi mọ́. Wọ́n ní òkú ń rí káàdì tó wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn."

"Ẹ pe àlùfáà," ni Krasen ké sí baálẹ̀. "Àlùfáà ló bùkún ìsun yìí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bùkún."

Àlùfáà Evlogi dìde, ó tún agbádá dúdú rẹ̀ ṣe, ó yẹra fún ojú Gencho.

"Mo bùkún un," ni ó wí. "Mo gbà pé ó ti kú. Kí Ọlọ́run má bínú."

"Ta ló sọ fún yín?" ni baálẹ̀ béèrè.

"Òkúta. Mo kà á."

"Lẹ́yìn tí ẹ bùkún un, wọ́n ṣe yín lálejò?"

"Ọ̀dọ́ àgùntàn ni, àti wáìnì pupa."

"Ta ló bu wáìnì fún yín?"

Àlùfáà fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Gencho ni."

"Òkú náà?"

"Mo rò pé àbúrò rẹ̀ ni."

"Kò lábùúrò."

"Ìyẹn ló rú mi lójú lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ sì mu ún?"

"Baálẹ̀, wáìnì ò kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí obìnrin kan fi da abọ́ ata rẹ̀ nù. Krasen nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí Mityo, ọmọ àbúrò Stoyna, tó ń wa katakata. Mityo ti ń wá ọ̀nà àtilọ láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ páìpù.

"Mityo, ta ló lu páìpù?" ni baálẹ̀ béèrè.

"Kò sẹ́ni tó lù ú, Baálẹ̀. Ó bẹ́ fúnra ẹ̀."

"Lọ́jọ́ wo?"

"Lọ́jọ́ Àìkú."

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú?"

"Mò ń kọjá ni."

"Pẹ̀lú katakata?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ipa eyín katakata wà nínú ihò náà, gbogbo wa la rí i."

"Páìpù ti bẹ́ kí n tó dé. Mo kàn ní kí katakata wò ó."

"Mityo, má bà mí jẹ́," ni Ìyá Stoyna wí. "Mi ò sọ pé ó bẹ́ fúnra ẹ̀. Mo ní mo gbàdúrà, ó bẹ́. Àdúrà mi ni kí o sọ."

"Ó bẹ́ nítorí àdúrà, Baálẹ̀."

"Ẹnu ẹ̀rọ idẹ tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà bẹ́ jáde látinú ilẹ̀?"

Mityo ronú díẹ̀. "Ilẹ̀ wa dáa, Baálẹ̀. Kò sí nǹkan tí kì í hù níbẹ̀."

"Jókòó."

Krasen tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ti jẹun yó. "Ẹ ti gbọ́. Òkú wà láàyè. Àlùfáà mu wáìnì lọ́wọ́ òkú. Katakata ń ṣeré jáde lọ́jọ́ ìsinmi. Kí ló tún kù? Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ dí i."

Baálẹ̀ ń làágùn. Gbogbo wa mọ ohun tó ń mú un làágùn, torí ọwọ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wà lórí ìwé tí wọ́n fi gba páìpù náà láyè. Ó wo àwọn mẹ́ta tó wà lósì, wọ́n mi orí. Ó wo ọ̀tún. Ìyá Dimana ti ń ká apá aṣọ.

"Krasen, ọmọ mi," ni Dimana wí, "páìpù yìí, ta ló rà á?"

"Abúlé lọ́wọ́ sí i."

"A lọ́wọ́ sí i. Ìwọ ńkọ́, kí lo rà níbẹ̀?"

"Mo ra tẹ́ẹ̀pù pupa tí baálẹ̀ gé lọ́jọ́ tí a ṣí i."

"Ó rẹwà. Mo rántí rẹ̀. Owó tí a ti ń kó jọ láti fi pààrọ̀ páìpù abúlé, a gbé e fún ọ, o fi gbé omi gba iwájú ilé wa kọjá lọ sókè. Títì tó lọ sọ́dọ̀ rẹ, àwa la tẹ́ ẹ. Iná títì, àwa la gbé e. Ó ń mọ́lẹ̀ fún géètì rẹ, àwa ń táràrà lọ sílé ìyàgbẹ́. Kí lo sọ fún wa lọ́jọ́ tó o wá béèrè owó yẹn? Mo wà níbẹ̀, àmọ́ ó wù mí kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

"Mo ní páìpù náà máa jẹ́ àǹfààní gbogbo ìlú."

"Gbogbo ìlú. Stoyna wà nínú gbogbo ìlú?"

"Bí èèyàn bá wò ó lọ́nà kan."

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Tó bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, ta ló jalè? Tó bá sì jẹ́ tìrẹ, kí lowó wa ń wá nínú ẹ̀?"

Krasen tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀. "Ẹ ò yé ọ̀rọ̀ yìí. Àǹfààní tí mo sọ kì í ṣe omi. Àwọn èèyàn olówó máa wá gbé lókè. Wọ́n á máa ra nǹkan lọ́wọ́ yín. Àwọn ọmọ yín tó lọ sílẹ̀ òkèèrè á rí iṣẹ́, wọ́n á padà wálé. Bí nǹkan bá dáa lókè, ó máa ṣàn dé ìsàlẹ̀."

"Nǹkan kan ṣoṣo ló ti ṣàn dé ìsàlẹ̀," ni Ìyá Stoyna wí. "Omi adágún rẹ ni, lọ́jọ́ tí ẹ fọ̀ ọ́. Ó pa kábéèjì mi."

"Ẹni kan ra nǹkan lọ́wọ́ mi," ni Dimana wí. "Ọkùnrin ọlọ́ṣẹ yẹn. Ó ra búrẹ́dì kan. Ó ní ó le."

"Mo gba ọmọ yín síṣẹ́. Mo gba Mityo."

"Ọjọ́ kan," ni Mityo sọ láti ẹ̀yìn.

"Iṣẹ́ náà ni iṣẹ́."

"Ó dáa, mi ò jiyàn. Ọjọ́ yẹn náà ni mo fi mọ ibi tí páìpù gbà."

Stoyna ju ata kan lu Mityo. Ó ti pẹ́ jù, gbogbo ayé ti gbọ́. Ó wá gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó nu ọwọ́ pupa rẹ̀ mọ́ aṣọ ìdáná.

"Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀kan, kí n padà sídìí ata mi. Àwọn àgbà ní omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Èyí ń ṣàn kọjá mi. Mo máa ń dùbúlẹ̀, màá gbọ́ ọ nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó ń lọ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ilẹ̀ á mọ́, màá gbé igi èjìká, màá lọ sódò. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, mo ṣubú lórí yìnyín. Igi èjìká dá sí méjì, díẹ̀ ló kù kí èmi náà dá. Gencho ló gbé mi sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wálé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún un pé ọ̀kan nínú wa ní láti kú kí omi yìí tó lè yà sílé wa. Ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ, òun ló dàgbà jù."

Gencho wo ilẹ̀. "Oṣù mẹ́rin péré ni mo fi jù ú lọ," ni ó wí.

Ohùn Krasen ti rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Mo káàánú Màmá. Àmọ́ ti àánú yàtọ̀. Bí ẹ ò bá dí i, màá gbé ẹjọ́ yìí lọ sí kóòtù ńlá."

"Gbé e lọ," ni baálẹ̀ wí. Ó jọ pé òógùn rẹ̀ ti gbẹ. "Ohun àkọ́kọ́ tí adájọ́ máa bi ọ́ ni ẹni tó ra páìpù. Ohun kejì tó máa bi èmi ni ìdí tí mo fi fọwọ́ sí i. Èmi ti dàgbà, Krasen. Kò sí ibi tí wọ́n máa jù mí sí tí kò ní ní omi ju ilé mi lọ. Ìwọ ló ní ilé láti tà."

Krasen jókòó.

Baálẹ̀ fi orí kan orí pẹ̀lú ìgbìmọ̀. Kò pẹ́. Ó wọ fìlà rẹ̀, èyí tó máa ń wọ̀ bó bá fẹ́ dájọ́ tàbí bó bá fẹ́ lọ sílé.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò ní dí ìsun òkú ní Sipeyna níṣojú mi. Èjì, Gencho ò tíì kú. Ó ti jẹ ṣírí àjàrà méjì tán lójú wa, àjàrà mi sì ni. Nítorí náà òkúta yẹn ń parọ́, òkúta kì í parọ́ létí títì. Ìsun wà, kò lókùú. A gbọ́dọ̀ wá òkú fún un."

"Ta ni?" ni ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn, ó sì yára jókòó.

"Mo ti rò ó. Ta là ń pè ní òkú? Ẹni tí a kì í rí níbi ìgbéyàwó, tí a kì í rí níbi ìsìnkú. Tí a bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kì í dáhùn. Tí ohun tó fi sílẹ̀ nìkan là ń rí, tí à ń sọ nípa ẹ̀ pé, 'Ó ṣèlérí o, kó tó lọ.' Krasen, láti ọjọ́ tí mo ti gé tẹ́ẹ̀pù pupa yẹn, òní ni mo tún rí ọ. Mo wá sẹ́nu géètì rẹ, ajá ló dá mi lóhùn. Bàbá mi ti kú láti ìgbà èwe mi, ó ń bẹ̀ mí wò lójú àlá jù ọ́ lọ. Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò. Ìwọ ni òkú ìsun yìí."

"Èmi?"

"Ìwọ ni. Wọ́n á yọ fọ́tò Gencho kúrò, wọ́n á fi tìrẹ síbẹ̀. Ìwọ lo máa san owó òkúta. Ẹni tó bá mu níbẹ̀ á ní kí Ọlọ́run forí ji Krasen, ó sì dá mi lójú pé ìwọ nílò rẹ̀ ju Gencho lọ."

"Baálẹ̀, ẹsẹ̀ títì ni ìsun yẹn wà. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá ra ilé ló máa rí i. Ta ló ń ra ilé lọ́wọ́ òkú?"

"Wọn ò ní dúnàá-dúrà," ni Dimana wí.

"Mo máa kú títí ayé?"

"Rárá o, a kì í ṣèkà. Ọjọ́ tí omi bá wọ ilé gbogbo ní Sipeyna, láti ilé àkọ́kọ́ dé ilé ìkẹyìn, láti àpò tìrẹ, ọjọ́ yẹn lo máa jí. Àwọn kan fi ọjọ́ mẹ́ta jí. Tìẹ wà lọ́wọ́ ẹ." Baálẹ̀ gba fìlà rẹ̀ mú. "Gencho, ìwọ tó o purọ́ ikú, ìwọ ni wàá máa ha ewédò kúrò nínú ọpọ́n ìsun náà títí wàá fi kú bí ó ti tọ́. Ó parí."

"Kò parí," ni Stoyna wí. "Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ńkọ́?"

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀."

"Ẹ ò bọ̀ níbẹ̀, Baálẹ̀. Ẹ ti dìde."

Baálẹ̀ wo ilẹ̀, ó wo àjàrà, ó wo gbogbo wa. Ó tún jókòó. "Àwa tí a fọwọ́ sí ìwé," ni ó wí, ọ̀rọ̀ náà sì ń jáde bí eyín tí wọ́n ń fà, "àwa la máa gbé igi èjìká láràárọ̀, a ó máa pọnmi lọ sí ilé àwọn ìyá tí kò lè dé ìsun, títí òkú yìí yóò fi jí."

Àwọn mẹ́ta tó wà lósì gbàgbé láti mi orí.

Nígbà tí wọ́n ń wá fọ́tò, wọn ò wá a jìnnà. Krasen ti lẹ ara rẹ̀ mọ́ pátákó ńlá kan níbi tí títì ti yà, ó ń fi eyín funfun rẹ́rìn-ín, pé kí ayé wá gbé lókè òun. Mityo gé e jáde. Ó jẹ́ òkú tó dùn-ún wò jù lọ tí a tíì ní. Àwọn tó wá ra ilé á dúró mumi, wọ́n á ka òkúta, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á yí mọ́tò padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìtẹ fèrè.

Bóyá Krasen ì bá ti gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ńlá nígbà yẹn, bí kì í bá ṣe ìyá rẹ̀. Ẹnì kan ya fọ́tò ìsun náà, ó dé ìlú Plovdiv, níbi tí ìyá ń gbé, lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì ni takisí sọ obìnrin kékeré kan sílẹ̀ níwájú ilé Stoyna, aṣọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní adé orí òun. Krasen sáré sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. "Ìyá, mo wà láàyè." Obìnrin náà wò ó, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó sì gbá a létí.

"Kí lo ṣe fún wọn?"

Stoyna ló dáhùn, kò sì yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó bu omi mu ní ìsun, ó ní kí Ọlọ́run forí ji Krasen, ó ní òun ń fẹ́ ìjókòó. Ó lọ jókòó nílé Stoyna, wọ́n jọ ń bó ata. Ó ní òun ò ní bọ́ aṣọ dúdú, òun ò sì ní wọ géètì rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kẹsàn-án tí kò tíì sí ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ fún páìpù, òun máa fúnra òun se àlìkámà tí a máa ń pín nítorí òkú, òun á pín in láti ojúlé dé ojúlé.

Kó tó di ọjọ́ náà, a gbọ́ ìró katakata. Mityo ló ń wà á, wọ́n sì ń sanwó fún un.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí àjàrà fi wọ́ ewé, tí òjò fi dé. Gbogbo àárọ̀ la ń rí baálẹ̀ pẹ̀lú igi èjìká lọ́rùn, ó ń bú Krasen, ó sì ń bi Mityo pé ó ku ilé mélòó. Ilé tèmi ni ilé ìkẹyìn, nísàlẹ̀ lẹ́bàá itẹ́ òkú. Ọjọ́ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, Krasen fúnra rẹ̀ bá wọn wá, ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Ó wúkọ́, ó tutọ́ ẹrẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà ó funfun, ó sì ń ṣàn. Krasen ń wo ojú mi. Mi ò kánjú. Mo fọ ife, mo bu ú kún, mo mu ún tán. Ó tutù dé eyín.

"Ó dáa," ni mo sọ fún un. "O ti jí. Lọ sọ fún ìyá rẹ kó bọ́ aṣọ dúdú."